Ta ló yẹ kó máa bá Màmá túmọ̀ lọ́dọ̀ dókítà? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáÌbejì_Mushin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kò dá sí i rí. Lónìí, ọ̀rọ̀ kàn mí.

Ìyá mi, ẹni ọdún 71, dé láti Òkìtìpupa ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá wọn jà, egbò kan sì wà ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì wọn tó kọ̀ tí kò jiná. Màmá ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì rárá. Yorùbá wọn náà, Ìkálẹ̀ tó jinlẹ̀ ni; àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Mushin gan-an máa ń ní kí wọ́n tún un sọ. Dókítà tó ń rí wọn kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọmọ dáadáa ni, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn, àmọ́ “ẹ kú àárọ̀” nìkan ló mọ̀, ìbáà ṣe ọ̀sán, ìbáà ṣe alẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo wà lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń sanwó, ni wọ́n bá pe Màmá wọlé. Táíwò mi, ọmọ ọdún 12, ló wà lọ́dọ̀ wọn, òun ló bá wọn wọlé. Dókítà ní ọmọ ìka tó kéré jù lẹ́sẹ̀ wọn yẹn ti ń kú, pé kí àwọn gé e kó má baà ran ìyókù. Táíwò bá ní: “Màmá, wọ́n ní àwọn máa gé ẹsẹ̀ yín.”

Kí n tó dé, Màmá ti wọ bàtà, wọ́n ti tún gèlè wé, wọ́n ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n ní Ọlọ́run tó fún àwọn ní ẹsẹ̀ méjì, méjì ló máa gbà padà. Láti ọjọ́ náà, wọn ò lọ mọ́. Mo ti ṣàlàyé, mo ti bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní èmi àti dókítà ti jọ sọ ọ́. Ọmọ náà kì í sùn dáadáa mọ́. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń ṣe é? Ṣé ọsibítù máa ń ní ẹni tó ń túmọ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí ná: ẹ má dúró de ìdáhùn gbogbo wa. Ẹsẹ̀ oníṣúgà tó bá ti ń dúdú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ń rùn, bí ara wọn bá ń gbóná, bí pípọ́n rẹ̀ bá ń gun ẹsẹ̀ lọ sókè, alẹ́ òní ni kí ẹ gbé wọn lọ sí ibi pàjáwìrì. Ẹ má ní ó di ọjọ́ kílíníìkì.

Ní ti ẹni tó ń túmọ̀: ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní Èkó yìí, láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Ìkẹjà, n kò rí wọ́ọ̀dù kan tí wọ́n ti gba ènìyàn síṣẹ́ nítorí ìtumọ̀ nìkan. Àwa nọ́ọ̀sì là ń ṣe é. Àwa, àti àwọn tó ń gbálẹ̀, àti àwọn tó ń ti aláìsàn, àti ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Obìnrin Hausa kan rọbí dé ọ̀dọ̀ wa lóru, kò sí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Mállàm tó ń ta omi lẹ́nu géètì la lọ pè. Ó wọlé, ó kọjú sí ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ibẹ̀ ló ti ń bá wa kígbe sí i pé kó má tíì tì o, kó mí. Ọmọ náà délẹ̀ láyọ̀. Mállàm ò jẹ́ wo ojú mi fún oṣù kan gbáko.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má jókòó títí wọ́n á fi pe orúkọ. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń gba káàdì, ẹ kí i, ẹ ní: “Màmá mi ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú yín tó gbọ́ Ìkálẹ̀, àbí Oǹdó?” Ọsibítù ńlá ò lè ṣàì ní ẹyọ kan. Kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn fáìlì pé Yorùbá nìkan ló gbọ́. Dókítà tó rí wọn lónìí lè má wà lọ́jọ́ mìíràn. Fáìlì á wà.

Ẹ má lu Táíwò o.

Bàbá_Ọ̀ṣòdì

Èkó la wà, ilẹ̀ Yorùbá. Kí dókítà lọ kọ́ Yorùbá! Gómìnà Èkó ti buwọ́ lu òfin èdè Yorùbá ní 2018. Kí la fẹ́ fi ògbufọ̀ ṣe?

Dókítà_Kékeré

Bàbá, ẹ kú ọjọ́. Òfin 2018 yẹn, kíkọ́ Yorùbá nílé ìwé ló gbájú mọ́ jù. Kò dé yàrá tí mo ti ń rí aláìsàn.

Èmi gan-an, orúkọ mi Yorùbá ni, Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Mo gbọ́ Yorùbá tí a fi ń jẹun. Ti àìsàn tún yàtọ̀. Bàbá kan ní ọwọ́ òun kò gbé mọ́ láti ìjẹta. Mo gbọ́ “ẹ̀ta” nínú ẹ̀, mo kọ ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀. Ọ̀gá mi ló bi mí bóyá mo mọ̀ pé Yorùbá máa ń ka òní mọ́ ọn, pé ọjọ́ tó ṣáájú àná ni ìjẹta. Ìtàdógún náà bẹ́ẹ̀: a pè é ní 17, ọjọ́ 16 ni gẹ̀ẹ́sì ń kà á sí. Lọ́dọ̀ ẹni tí apá rẹ̀ ń kú lọ, ọjọ́ kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Èyí tó tì mí lójú jù rèé. Mo fẹ́ sọ fún ìyá kan pé iṣẹ́ abẹ la máa ṣe fún un. Ohùn mi gòkè níbi tí kò yẹ kó ti gòkè, mo ní “iṣẹ́ abẹ́”. Ìyá náà fún ìró rẹ̀ mọ́ra. Ó ní gẹ̀gẹ̀ ọrùn ni òun bá wá, kí ló kan abẹ́ òun?

Nítorí náà, ẹ̀yin ÌyáÌbejì, Táíwò ò ṣe burúkú tó bí ẹ ṣe rò. Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ fún itan dé ọrùn ẹsẹ̀, ó tún ní òmíràn fún ibi tí a fi ń tẹ ilẹ̀. Yorùbá ní ẹsẹ̀, ó parí. Ọwọ́ náà bẹ́ẹ̀, láti èjìká títí dé èékánná. Ọmọ náà kàn fo “ọmọ ìka” ni. Ẹ jẹ́ kí dókítà fi ọwọ́ kan ibẹ̀, kí ó sì fi báírò fa ìlà sí ibi tí wọ́n máa gé gan-an. Kò ní bínú. A máa ń fa irú ìlà yẹn kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí a má baà gé ti òdìkejì.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí gbogbo ẹ̀yin tó ń bá òbí wọlé: mo máa ń bi Màmá ní ìbéèrè kan, Màmá á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n á fọwọ́ júwe, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọmọ á wá yíjú sí mi, á ní: “Rárá ni wọ́n wí.” Ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn dà?

Ògbufọ̀_Igbóṣeré

Mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbẹ́ ẹlẹ́jọ́ ni mo ti lo ayé mi, ní kóòtù gíga Igbóṣeré kí wọ́n tó sun ún ní oṣù kẹwàá 2020. Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ẹni tí wọ́n mú pé ó jí adìyẹ, bí kò bá gbọ́ èdè kóòtù, ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999, abala 36, ní kí wọ́n fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ni wọ́n fún ìyá tí wọ́n fẹ́ gé ìka rẹ̀?

Wọ́n fún un ní nǹkan o, àmọ́ wọ́n fi àyè sílẹ̀ láti gbà sá. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè 2014, abala 23, ní kí wọ́n sọ fún aláìsàn bí ara rẹ̀ ṣe rí, irú ìtọ́jú tó wà, ewu inú rẹ̀, èrè inú rẹ̀, iye tó máa ná an, àti pé ó lè kọ̀. Ó ní kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tó yé e, kí wọ́n sì wo bí ó ṣe mọ̀wé tó. Ṣùgbọ́n ó ní “níbi tó bá ti ṣeé ṣe”. Ibẹ̀ ni ihò wà. Ní 2018 àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà àti ilé iṣẹ́ ìlera tún gbé ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn jáde, ẹ̀tọ́ sí àlàyé ní èdè tó yéni wà nínú rẹ̀ náà. Mo ní ẹ mọ̀ ọ́n ni, n kò ní kí ẹ fi bá nọ́ọ̀sì tó ti dúró láti àárọ̀ jà. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Bí ẹ bá rí i pé wọn ò fẹ́ gbọ́, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ dókítà ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ìṣòro aláìsàn, àwọn òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ló wà níbẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ tún ní tábìlì SERVICOM, àwọn tó ń gba ẹ̀sùn nípa iṣẹ́ ìjọba. Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Ní ti iṣẹ́ ìtumọ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá, bí kò bá sí ẹlòmíràn, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ wọlé, kì í ṣe ọmọ. Ẹ jókòó sẹ́yìn Màmá díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ojú dókítà lè wà lára Màmá, kí ti Màmá náà wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá jókòó sáàárín, ẹ̀yin ni wọ́n máa bá sọ̀rọ̀, Màmá á wá dà bí àpò tí ẹ gbé wá. Bí Màmá bá ní “ó ń ta mí”, “ó ń ta mí” ni kí ẹ wí, ẹ má ní “wọ́n ní ó ń ta àwọn”. Ó máa ń ṣòro fún wa nítorí ọ̀wọ̀, ẹ̀yin náà máa rí i, àmọ́ ibi tí “wọ́n” bá ti pọ̀ lẹ́nu, dókítà ò ní mọ ta ni ó ń ta mọ́.

Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀ ọ́n. Mo rí ògbufọ̀ tó fi ìtìjú pa ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ nítorí kò fẹ́ kí adájọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ta kókó fún òun.

Orúkọ àìsàn: ẹ má tú u. Bí Màmá bá ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ẹ má sáré fún dókítà ní orúkọ gẹ̀ẹ́sì kan. Jẹ̀díjẹ̀dí ẹlòmíràn, ìdí yíyọ ni. Ti ẹlòmíràn, ẹ̀yìn dídùn. Ti ẹlòmíràn, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ti ọkọ ẹlòmíràn, ohun tí kò lè sọ lójú ìyàwó. Ẹ bi wọ́n: “Báwo ló ṣe ń ṣe yín? Ibo gan-an?” Ìyẹn ni kí ẹ tú.

Ìwé tí wọ́n máa ní kí wọ́n tẹ̀ka sí náà ńkọ́? Òfin kan wà tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé: kí wọ́n ka ìwé náà sí i létí, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, kí ó yé e, kí ó tó tẹ̀ka. Ní kóòtù, a máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé a kà á fún un ní Yorùbá, ó sì yé e. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ irú ẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó túmọ̀. Ẹ ó rí i bí ẹni tó fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣe máa ń fara balẹ̀ túmọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

ÌyáÌbejì_Mushin

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti yẹ ẹsẹ̀ náà wò, kò rùn, ara wọn ò sì gbóná, ṣùgbọ́n ó ti dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Màmá ní àwọn á rò ó. N kò jẹ́ kí wọ́n rò ó pẹ́.

Àbíkẹ́_Houston

Ẹ ǹlẹ́ o. Níbí ní Amẹ́ríkà, ọsibítù ló ń wá ògbufọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àṣẹ kan wà láti ayé Clinton ní 2000 tó ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba máa ran ẹni tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa lọ́wọ́. Trump ti fagi lé ìyẹn ní oṣù kẹta 2025. Àmọ́ òfin ìlera tí wọ́n ṣe ní 2010, abala 1557, ṣì wà: ọsibítù tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ní kí o lọ mú ògbufọ̀ tìrẹ wá, kò sì gbọdọ̀ lo ọmọdé àfi bí ọ̀ràn bá jẹ́ pàjáwìrì tí ẹlòmíràn ò sí nítòsí.

Kí ẹ má rò pé ibí dùn jù, ẹ gbọ́ ti Màmá mi. Orí fóònù ni ògbufọ̀ wà. Wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́, ọmọbìnrin kan sì dáhùn ní Yorùbá tó já geere. Inú Màmá dùn. “Ọmọ ta ni ẹ? Ọmọ ìlú ibo? Ṣé àlàáfíà ni àwọn òbí ẹ wà?” Ọmọbìnrin náà ò lè dáhùn, iṣẹ́ rẹ̀ ò gbà á láyè, ó tú u fún dókítà ni. Dókítà ní òun ọmọ Ohio ni. Màmá wojú mi. Wọ́n wá ń ṣe é lọ, ọmọbìnrin náà ní “mo máa gún yín lábẹ́rẹ́ báyìí”. Màmá dìde: “Ìwọ tó wà nínú fóònù?”

Ẹ ṣàlàyé fún wọn ṣáájú pé ẹnu lásán ni ògbufọ̀, pé “mo” tó ń wí kì í ṣe òun. Kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kí ara wọn díẹ̀. Màmá ò sọ òtítọ́ kankan fún ẹni tí kò kí wọn.

Oníkẹ́míìsì_Ìdúmọ̀tà

Ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ dókítà máa ń bọ́ sí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti túmọ̀ rẹ̀ tán, mo sì máa ń rí èyí tó ti fọ́ lójú ọ̀nà.

“Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan?” Ìyá á ní rárá, àgbo á sì wà nínú ike tó gbé dání! Kò purọ́. Lójú tirẹ̀, oògùn ni oògùn, àgbo ni àgbo. Ẹlòmíràn tún wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá pe oògùn, ohun tó so mọ́ ìgbànú ló rò pé ẹ ń tọ pinpin, á sì bínú. Ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: oògùn òyìnbó ńkọ́, àgbo ńkọ́, àgúnmu ńkọ́, kí ni ẹ ń dà sórí egbò yẹn? Ẹ kó gbogbo páálí àti ike sínú ọ̀rá, ẹ gbé e fún dókítà. Ọ̀rá kì í nílò ògbufọ̀.

Ṣáájú iṣẹ́ abẹ, wọ́n á ní kí aláìsàn má jẹun láti òru. Ní àárọ̀: “N kò fẹnu kan oúnjẹ o, ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀ ni mo mu.” Mímu kì í ṣe jíjẹ! Wọ́n á sún iṣẹ́ abẹ síwájú, inú á bí gbogbo wọn. Ẹ sọ ọ́ pé kí wọ́n má jẹ, kí wọ́n má mu, kí ẹ sì bi dókítà léèrè títí di aago mélòó ni wọ́n yọ̀ǹda omi lásán, àti bí oògùn ṣúgà àárọ̀ ọjọ́ náà yóò ṣe jẹ́. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún Màmá tiyín.

Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́: fún àwọn ìyá tó ń kírun, mo máa ń ní lẹ́yìn àsùbáà àti lẹ́yìn ìṣáì. Wọn kì í gbàgbé. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà tàbí lọ́dọ̀ mi, ẹ ní kí Màmá fi ẹnu ara wọn sọ bí wọ́n ṣe máa lò ó. Ẹ má béèrè pé “ṣé ó yé yín?” Ta ni yóò ní kò yé òun?

Àti èsì àyẹ̀wò. Ẹ ṣọ́ra fún “positive”. Mo ti rí ọmọ tó sọ fún bàbá rẹ̀ pé “èsì yín dáa”, torí ó rò pé ohun tó dára ni “positive” ń wí. Ikọ́ ife ni wọ́n rí lára bàbá náà.

Ọmọ_Makoko

Ẹ̀yin ń wí pé Yorùbá ò dé ọ̀dọ̀ dókítà. Tiwa ò tíì dé ọ̀dọ̀ Yorùbá. Ègùn ni wá, orí omi ni wọ́n bí mi sí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní inú ń run òun, a gbé e lọ. Ó ń sọ Ègùn, ọkọ rẹ̀ ń tú u sí Yorùbá fún nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ń tú u sí gẹ̀ẹ́sì fún dókítà. Ohun tó jáde lẹ́nu obìnrin náà gùn bí okùn àwọ̀n. Ohun tó dé òdìkejì ò ju “inú rírun” lọ. Wọ́n fún un ní oògùn inú rírun.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí ọkọ jáde. Ó jókòó tì í, ó bi í léèrè. Oyún ni. Ó ti ń rí ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kò sì fẹ́ sọ ọ́ lójú ọkọ nítorí ọ̀rọ̀ kan tó wà láàárín wọn. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Bí obìnrin bá ń ṣàìsàn, ẹ wá obìnrin kó túmọ̀. Kí ọkọ dúró níta díẹ̀, kò ní kú.

Ọmọ_Sùúrùlérè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àwọn adití. Adití ni àbúrò mi, ó kàwé ní Wesley, ilé ìwé àwọn adití, níbí ní Sùúrùlérè. Nígbà tó lóyún, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀, kò ní gbọ́, wọ́n á fò ó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Tó bá wá dé iwájú wọn, wọ́n á pariwo mọ́ ọn, bí ẹni pé bí ariwo bá ti pọ̀ tó, etí á là. Òfin àwọn abirùn tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019 ní kí ọsibítù ìjọba pèsè ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ fún irú wọn. Èkó ti ní tirẹ̀ láti 2011, LASODA, ọ́fíìsì ìjọba Èkó fún ọ̀rọ̀ àwọn abirùn, ló ń bójú tó o. Ọ̀dọ̀ wọn la lọ béèrè. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù kò tilẹ̀ ná wa ní kọ́bọ̀: ó kọ “ADITÍ NI MÍ, Ẹ FỌWỌ́ KÀN MÍ” sórí páálí, ó gbé e lé àyà.

Akọ́bí_Agége

Mo ti kọ èyí lẹ́ẹ̀mejì, mo pa á rẹ́.

Èmi ni mo ń túmọ̀ fún bàbá mi. Mo mọ gẹ̀ẹ́sì, mo mọ Yorùbá, mi ò sì kí ń ṣe ọmọdé. Dókítà sọ pé jẹjẹrẹ ni, pé ó ti tàn dé eegun. Ó ní kí n sọ fún wọn. Bàbá yíjú sí mi: “Kí ló wí?” Mo ní, “Wọ́n ní egbò kan wà nínú yín, pé oògùn máa wò ó.” Dókítà ń wo ẹnu mi. Kò gbọ́ Yorùbá, ó ní “thank you”.

Mo rò pé àánú ni mo ń ṣe. Oṣù márùn-ún ni bàbá mi fi ń kó sìmẹ́ńtì lọ sí ilé tí wọ́n ń kọ́ ní abúlé. Ìgbà tó kù díẹ̀, wọ́n ní kí n wá jókòó. Wọ́n ní: “Ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ gùn ju èyí tí o sọ fún mi lọ.” Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀. N kò ní èsì.

Ẹ bá mi bi ẹni tó mọ̀: kí ló yẹ kí n ṣe?

Ògbufọ̀_Igbóṣeré

Ọmọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀rù ọmọ àti iṣẹ́ ògbufọ̀, wọn ò gbé e lé yín lórí lọ́nà tó tọ́. Ọjọ́ ti irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá máa jáde, ẹlòmíràn ló yẹ kó túmọ̀, kí ọmọ lè jókòó ti bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì

Kí dókítà kọ́kọ́ bi bàbá pé báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn tó, àbí ta ni wọ́n fẹ́ kó gbọ́ ọ fún wọn. Àwọn kan á ní “sọ fún àkọ́bí mi”. Ẹ̀tọ́ wọn nìyẹn. Àmọ́ àwọn ló máa wí i. Ẹ má bára yín jà lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́, Akọ́bí. Ẹ ṣe é tìfẹ́tìfẹ́.

Bàbá_Ọ̀ṣòdì

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo gbà. Àmọ́ kí wọ́n ṣì kọ́ Yorùbá.

ÌyáÌbejì_Mushin

Ẹ̀yin ará, a lọ lánàá. Aago márùn-ún ìdájí la kúrò nílé. Mo bi nọ́ọ̀sì tó ń gba káàdì bí Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì ṣe wí. Ó wo yàrá yíká, ó pe obìnrin kan tó ń to bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù kejì. Ọmọ Ìgbọ́tako, ọmọ Ìkálẹ̀ bíi Màmá! Kó tó bọ́ sórí àga, òun àti Màmá ti mọ ẹbí ara wọn dé ìran kẹta. Dókítà dúró. Mo ní kó má bínú, àwọn ará ilé kan ló ní kí n jẹ́ kí wọ́n kí ara wọn.

Mo jókòó sẹ́yìn, n kò sọ̀rọ̀. Ẹ ò mọ bó ṣe le tó. Àgbo jáde látinú ọ̀rá, ike méjì, èyí tí èmi gan-an ò mọ̀ nípa rẹ̀. Màmá sì sọ ohun kan tí wọn ò sọ fún mi rí, pé wọn ò mọ ìgbà tí egbò náà bẹ̀rẹ̀, torí pé ó ti tó ọdún kan tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ò ti gbọ́ nǹkan mọ́. Bí wọ́n bá ń rìn, ó ń ṣe wọ́n bíi pé orí òwú ni wọ́n ń tẹ̀.

Ìgbà tó kan gígé, dókítà kúnlẹ̀ síwájú wọn, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé orókún rẹ̀, ó fi báírò aláwọ̀ búlúù fa ìlà yí ìdí ọmọ ìka kékeré náà ká. Màmá tẹ̀ síwájú, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, “Kò ju ibẹ̀ lọ?” Obìnrin Ìgbọ́tako tú u. Dókítà mi orí pé kò ju ibẹ̀ lọ. Màmá ní kó tún ìlà náà fà, kó ki ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni iṣẹ́ abẹ. Wọ́n kà ìwé náà sí wọn létí kí wọ́n tó tẹ̀ka, obìnrin náà sì kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Táíwò ló ń bá wọn fọ ẹsẹ̀ ní alẹ́ àná, wọ́n ní kó fọ gbogbo ẹ̀ kó ku ìlà yẹn. Wọ́n ní dókítà mìíràn lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò ní mọ ibi tí àwọn àti ti àná fi ọ̀rọ̀ sí.